Ta Ló Ni Akọni? Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ìwé Akọni Aláwòrán Ilẹ̀ Amẹ́ríkà Láyé Àtijọ́



   

Ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé fún mi láti sọ lè dà bí ọ̀rọ̀ eré létí àwọn kan. Ìwé tí àwọn ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń kà ní ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn, tí ọkùnrin aláṣọ pupa ń fò lójú ọ̀run nínú rẹ̀, kí ló kan àwa tí à ń wá bí ìṣẹ̀ṣe kò ṣe ní parun? Ó kàn wá. Láàrin yín níhìn-ín ni àwọn ayàwòrán àti òǹkọ̀wé wà tó ń gbèrò láti fi ìtàn àwọn Òrìṣà àti àwọn akọni wa ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti rin ọ̀nà náà ṣáájú wa, wọ́n sì ti bọ́ sí kòtò níbi púpọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni màá fi wo gbogbo ìtàn náà: ta ló ni akọni?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí irú ìwé yìí ṣe rí, nítorí àwọn tí kò bá a pàdé. Kọ́míìkì ni wọ́n ń pè é. Ìwé pẹlẹbẹ ni, irú bébà tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìròyìn ni wọ́n sì fi ṣe é. Wọ́n pín ojú ewé kọ̀ọ̀kan sí igun kéékèèké, àwòrán kan wà nínú igun kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń sọ sì wà nínú òbìrìkìtì lókè orí rẹ̀. Sẹ́ǹtì 10 ni wọ́n ń tà á, èyí tí ọmọ ilé-ìwé lè rí san. Ọmọ kan á kà á tán, á fi fún ẹlòmíràn, títí ìwé náà á fi gbó.

Èyí tó la ọ̀nà fún àwọn ìwé akọni ni Action Comics, ẹ̀dà kìíní, tí wọ́n kọ oṣù kẹfà ọdún 1938 sí lára. Ní iwájú rẹ̀, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ búlúù, tí aṣọ pupa ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, gbé odidi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sókè, ó ń fi í gbá àpáta, àwọn ènìyàn sì ń sá kíjokíjo. Orúkọ rẹ̀ ni Superman. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ní ìlú Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ló dá a sílẹ̀: Jerry Siegel ló kọ ìtàn, Joe Shuster ló ya àwòrán. Ọmọ àwọn Júù tó ṣí kúrò ní ilẹ̀ Yúróòpù ni àwọn méjèèjì, ìgbà náà sì jẹ́ ìgbà tí owó àti iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n gidigidi ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Bí ẹ bá ka ìwé àkọ́kọ́ yẹn lónìí, iṣẹ́ tí akọni náà ń ṣe á yà yín lẹ́nu. Kò bá ẹbọra láti inú ìràwọ̀ jà. Obìnrin kan wà tí wọ́n fẹ́ pa nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Akọni náà gbà á sílẹ̀. Ọkùnrin kan ń lu ìyàwó rẹ̀. Akọni náà fi ìyà jẹ ẹ́. Ẹnì kan ń fi ọ̀nà ẹ̀yìn darí aṣòfin. Akọni náà gbé e jókòó sókè níbi tí ẹ̀rù á ti bà á. Nínú ẹ̀dà kẹta, ọlọ́rọ̀ kan ní ibi ìwakùsà tí kò ní ààbò, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń fara pa níbẹ̀. Akọni náà mú kí ọlọ́rọ̀ yìí àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ṣe fàájì há sínú kòtò kan náà, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí ohun tí àwọn tálákà ń rí. Ẹni tí kò ní olùgbèjà ni akọni náà wá gbèjà.

Ṣùgbọ́n ta ló gbèjà Siegel àti Shuster? Dọ́là 130 ni ilé-iṣẹ́ tó tẹ ìwé náà san fún àwọn méjèèjì, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé pé gbogbo ẹ̀tọ́ lórí Superman ti di ti ilé-iṣẹ́ náà. Dọ́là 130, kí àwọn méjì pín in. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ń rí owó iṣẹ́ gbà ní tòótọ́, ṣùgbọ́n akọni náà kì í ṣe tiwọn mọ́. Rédíò gbé e, sinimá gbé e, wọ́n ń fi àwòrán rẹ̀ ta oríṣiríṣi ọjà. Ní 1947, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Àbọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n gba owó díẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì yọ orúkọ wọn kúrò lára ìwé. Fún ọdún tó ju 25 lọ, ọmọ tó bá ra ìwé Superman kò lè mọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Ojú Shuster fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán, Siegel ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé kékeré. Ìgbà tó di 1975, tí àwọn méjèèjì ti darúgbó, tí àwọn ayàwòrán ẹgbẹ́ wọn sì ti fi ọ̀rọ̀ náà han gbogbo ayé, ni ilé-iṣẹ́ náà gbà láti máa san dọ́là 20,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lọ́dún, tó sì dá orúkọ wọn padà sí ara ìwé.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun méjì tí wọ́n dá padà: owó àti orúkọ. Ní ilẹ̀ wa, a mọ̀ pé orúkọ kì í ṣe ohun tí a fi ń pe ènìyàn lásán. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Akọni kejì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ orúkọ yìí hàn kedere jù, nítorí orúkọ ló fún un lágbára, orúkọ náà ló sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní 1940, ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé mìíràn tí ń jẹ́ Fawcett gbé ìwé kan jáde tí ń jẹ́ Whiz Comics. Bill Parker ló kọ ìtàn inú rẹ̀, C. C. Beck ló yà á. Ìtàn náà lọ báyìí. Ọmọ òrukàn kan wà tí ń jẹ́ Billy Batson, tó ń ta ìwé ìròyìn lójú títì lóru. Ọkùnrin aláṣọ dúdú kan pè é pé kó tẹ̀ lé òun lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Ọkọ̀ kan tí kò ní awakọ̀ gbé wọn dé inú ihò àpáta. Nínú ihò náà, ère 7 tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn ni ọ̀tá ọmọ ènìyàn: Ìgbéraga, Ìlara, Ojúkòkòrò, Ìkórìíra, Ìmọtara-ẹni-nìkan, Ọ̀lẹ àti Ìrẹ́jẹ. Ní òpin ihò náà, bàbá arúgbó kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun jókòó lórí ìtẹ́ òkúta, òkúta ńlá mìíràn sì so rọ̀ lókè orí rẹ̀ pẹ̀lú okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Bàbá náà ní òun ti ń bá ibi jà láti bí 3,000 ọdún, ó ti rẹ òun, ọmọ yìí ni òun yàn láti gba ipò òun. Ó ní kó pe orúkọ òun. Ọmọ náà pe orúkọ náà: Shazam. Àrá sán, mọ̀nàmọ́ná kọ, ọmọ náà sì di géńdé ọkùnrin aláṣọ pupa tó ní àmì mọ̀nàmọ́ná láyà. Captain Marvel nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni òkúta já lu bàbá arúgbó náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì parí.

Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú orúkọ náà ló ní ẹni tó ni ín: ọgbọ́n Sólómọ́nì, okun Hercules, ìfaradà Atlas, agbára Zeus, ìgboyà Achilles, ìyára Mercury.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọfọ̀ àti àyájọ́ kò ní ṣe ìyanu pé ọ̀rọ̀ ẹnu lè yí ènìyàn padà. Ohun tó yẹ kí a rí ni pé àwọn tó kọ ìwé yìí mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í wà lójú títì fún ẹnikẹ́ni tó bá kọjá. Àgbà kan ló fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ó ti ń wo ìwà ọmọ náà tẹ́lẹ̀, ó sì fi àwọn ọ̀tá hàn án kó tó fún un ní ohun ìjà. Àwọn ọ̀tá náà sì yàtọ̀ sí àwọn Ajogun tí àwa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yàgò fún wa. Ikú, Àrùn, Òfò àti Ẹ̀gbà ń bọ̀ láti ìta. Inú ènìyàn ni ère 7 wọ̀nyẹn ti ń jáde. Ọ̀rọ̀ ìwà ni wọ́n fi sí ẹnu ọ̀nà agbára.

Ohun kejì wà tí mo fẹ́ kí ẹ rò dáadáa. Nínú orúkọ 6 yẹn, 5 jẹ́ ti àwọn òrìṣà àti akọni inú ìtàn Gíríìkì àti Róòmù. Ìsìn wọn kò sí mọ́ ní gbangba nígbà náà. Ní ọdún 391 àti 392, ọba Theodosius ti Róòmù ti fi òfin de ẹbọ rírú sí wọn, wọ́n sì ti ti ilé òrìṣà wọn pa. Síbẹ̀, lẹ́yìn bí 1,500 ọdún, ní ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ̀ jẹ́ Kristẹni, òǹkọ̀wé kan kó orúkọ wọn sí ẹnu ọmọ kékeré, àwọn òbí sì fi owó wọn rà á. Kò sí ẹni tó wí pé ẹ̀rù ń ba òun láti gbọ́ orúkọ Mercury. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìtàn àwọn Òrìṣà kò yẹ fún ọmọdé òde òní nítorí pé ó ti pẹ́, ẹ mọ̀ pé pípẹ́ kọ́ ni ìṣòro. Ìtàn ta ni, àti ta ló ń sọ ọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ wo àpẹẹrẹ mìíràn. Ní 1962, Stan Lee, Larry Lieber àti Jack Kirby mú Thor, òrìṣà àrá àwọn ará àríwá Yúróòpù, wọ inú ìwé Journey into Mystery, ẹ̀dà 83. Nínú ìtàn tí àwọn ará Iceland kọ sílẹ̀ láyé àtijọ́, irùngbọ̀n Thor pupa. Nínú kọ́míìkì, irun rẹ̀ gùn, àwọ̀ rẹ̀ dà bí wúrà, kò sì ní irùngbọ̀n rárá. Lónìí, bí ẹ bá ní kí ọmọdé ya Thor fún yín, onírun wúrà ni yóò yà. Ẹni tó di gègé mú ló yan irun fún òrìṣà.

Mo padà sọ́dọ̀ Captain Marvel. Ìtàn rẹ̀ tà débi pé ẹ̀dà kan ṣoṣo lè tà ju mílíọ̀nù 1 lọ. Ní 1941, wọ́n ti fi í ṣe sinimá alápá 12. Ìdílé rẹ̀ náà pọ̀ sí i. Arábìnrin Billy, Mary Marvel, dé ní 1942; òun náà ń pe Shazam, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ló dúró fún lẹ́tà tirẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ obìnrin, bíi Minerva tó ni ọgbọ́n. Kí ó tó dé ni ọmọkùnrin kan ti dé ní òpin 1941, Freddy Freeman, tó ń fi igi rìn nítorí pé ọ̀tá ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Captain Marvel Jr. ni wọ́n ń pè é nígbà tó bá di akọni, ọ̀rọ̀ tó sì ń sọ kó tó lè yí padà ni “Captain Marvel”. Ẹ rí ìdè tó wà níbẹ̀: kò lè dá orúkọ ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ó yí padà lójú ẹsẹ̀. Ní ilé wa, orúkọ wà tí a kì í pè lásán. Ọmọ Amẹ́ríkà tó ka ìtàn náà kọ́ ohun kan náà, bó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Ní òpin 1945, wọ́n mú akọni kan wá tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo. Black Adam ni orúkọ rẹ̀, ará Íjíbítì àtijọ́. Òun ni bàbá arúgbó náà kọ́kọ́ fún ní agbára, ní 5,000 ọdún ṣáájú Billy. Agbára náà gùn ún, ó pa ọba, ó jókòó sórí ìtẹ́ rẹ̀. Bàbá náà sọ ọ́ jìnnà sí ìràwọ̀ kan, 5,000 ọdún ló sì fi fò padà wálé. Kò sí ẹni tó lè nà án nínú ìjà, nítorí agbára kan náà ni gbogbo wọn ní. Àgbàlagbà kan tí kò lágbára kankan ló tàn án títí tí òun fúnra rẹ̀ fi pe Shazam. Ó yí padà di ènìyàn lásán, 5,000 ọdún rọ́ lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì di eruku. Ẹyin lohùn. Ohùn tó gbé e ga ló fọ́ ọ.

Ó dùn mí pé ará Áfíríkà ni wọ́n fi ṣe ẹni tí agbára bà jẹ́, tí ọmọ aláwọ̀ funfun sì jẹ́ ẹni tó lò ó dáadáa. A kò gbọdọ̀ fojú fo ìyẹn, nítorí kò dá wà. Láti 1942, ìránṣẹ́ aláwọ̀ dúdú kan ti wà nínú ìtàn Billy tí ń jẹ́ Steamboat. Wọ́n ya ètè àti ojú rẹ̀ lọ́nà ẹ̀sín, wọ́n sì fi èdè òmùgọ̀ sí i lẹ́nu. Ní 1945, àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ní New York, nínú ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ Youthbuilders, lọ bá olóòtú Fawcett. Wọ́n ní àwòrán náà kò dára, wọ́n ní ojú tí ìwé bá fi ya ènìyàn ni àwọn tó kà á á máa fi wò ó. Fawcett yọ Steamboat kúrò, kò sì padà wá mọ́. Àwọn ọmọdé ló ṣe é. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Báwo wá ni Captain Marvel ṣe pàdánù orúkọ rẹ̀? Àwọn tó ni Superman ní Fawcett jí akọni àwọn kọ. Wọ́n pe ẹjọ́ ní 1941. Ilé ẹjọ́ gbọ́ ọ ní 1948, ó di kòtẹ́milọ́rùn ní 1951, adájọ́ Learned Hand sì dá a padà sí ọwọ́ olùpẹjọ́. Ní 1953, nígbà tí ọjà kọ́míìkì akọni ti lọọlẹ̀, Fawcett san dọ́là 400,000, ó sì ṣèlérí láti má tẹ Captain Marvel mọ́. Akọni tí ẹnikẹ́ni kò lè nà lójú ewé, ìwé àdéhùn ló nà án. Fún nǹkan bí 20 ọdún, kò sí níbì kankan. Láàrin ìgbà náà, ní 1967, ilé-iṣẹ́ mìíràn, Marvel, rí i pé orúkọ “Captain Marvel” ń sùn ní ìta, ó mú un, ó sì fi sọ akọni mìíràn tí kò bá ti ìṣáájú tan. Nígbà tí àwọn tó ni Superman gba àṣẹ ní 1972 láti jí akọni aláṣọ pupa náà dìde, wọn kò lè kọ orúkọ rẹ̀ sí iwájú ìwé. “Shazam!” ni wọ́n kọ. Nígbà tó yá pátápátá, ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà ń pè ni wọ́n sọ di orúkọ akọni fúnra rẹ̀.

Ṣé ẹ wá rí ìdí tí mo fi béèrè pé ta ló ni akọni? Zeus kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Mercury kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a bá fi sí iwájú ìwé, àwòrán tí a bá yà, ìtàn tí a bá kọ, òfin ilé ẹjọ́ lè fi lé ẹnì kan lọ́wọ́ kó sì gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó lè sọ pé òun ni òun ni Ṣàngó tàbí Ọya. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí òfin tí a lè fi dí àjòjì lọ́wọ́ kó má yà wọ́n bó ṣe wù ú.

Ìtàn ẹni méjì mìíràn kù, nítorí wọ́n sún mọ́ wa. Orrin C. Evans jẹ́ oníròyìn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Philadelphia. Nígbà tí ìwé ìròyìn tó ń bá ṣiṣẹ́ kógbá sílé ní 1947, ó pinnu láti ṣe kọ́míìkì tí àwọn aláwọ̀ dúdú nìkan á kọ, tí wọ́n á sì yà. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, All-Negro Comics jáde ní sẹ́ǹtì 15. Akọni kan wà nínú rẹ̀ tí ń jẹ́ Lion Man, tí George, àbúrò Evans, yà: ọ̀dọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé rán sí Gold Coast, tó di Gánà lónìí, láti ṣọ́ òkè kan tí ohun àlùmọ́ọ́nì tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Ọdún 10 kí Gánà tó gba òmìnira, àwọn ọmọ tí wọ́n kó baba ńlá wọn lẹ́rú ti ń ya akọni tó ń ṣọ́ ọrọ̀ inú ilẹ̀ Áfíríkà kí olè má kó o. Wọ́n múra ẹ̀dà kejì sílẹ̀. Kò jáde láé. Evans kò rí ẹni tó máa ta bébà fún un mọ́. Ọ̀rọ̀ wà, àwòrán wà, akọni wà. Bébà ni kò sí, nítorí ọwọ́ ẹlòmíràn ni ọjà bébà wà.

Ẹnì kejì jẹ́ ti ilẹ̀ wa, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ tiwa. Ní 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta kọ́míìkì kan ní Nàìjíríà tí ń jẹ́ Powerman. Aláwọ̀ dúdú ni akọni náà, ó lágbára púpọ̀, oró ejò nìkan ló lè borí rẹ̀. Àwọn ọmọ wa fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n London ni wọ́n ti ń ṣe é, ní ilé-iṣẹ́ Bardon Press Features. Don Avenell àti Norman Worker ló ń kọ ọ́, Dave Gibbons àti Brian Bolland ló ń yà á, Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo wọn. Ayàwòrán tó mọ iṣẹ́ ni Gibbons àti Bolland, òkìkí wọn sì kàn lẹ́yìn náà. N kò bá wọn jà. Mo kàn ń sọ pé nígbà tí ọmọ Nàìjíríà rí akọni tó jọ ọ́ lójú ìwé, ọwọ́ tó yà á kò sí ní Nàìjíríà, orúkọ tí wọ́n fi sọ ọ́ kì í sì í ṣe orúkọ tí ìyá kankan níhìn-ín lè fi pe ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ayàwòrán àti òǹkọ̀wé wa, ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí.

Ẹ kọ àdéhùn kí ẹ tó kọ ìtàn. Oko kì í jẹ́ ti bàbá tọmọ kó má láàlà. Ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó yà á, ẹni tó fi owó sí i, kí olúkúlùkù mọ ìpín rẹ̀ nínú ìwé, àti nínú sinimá bí ó bá di sinimá. Ẹ má fi ojú ọ̀rẹ́ tàbí ojú ẹgbẹ́ wo ó. Kí orúkọ gbogbo ẹni tó fọwọ́ kan iṣẹ́ náà sì wà ní iwájú ìwé, kó má ṣe jẹ́ ẹ̀yìn 25 ọdún ni a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a.

Ẹ forúkọ akọni tí ẹ bá dá sílẹ̀ sí ìwé ìjọba ní àkókò, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó sùn. Orúkọ tó bá sùn lójú ọ̀nà, ẹni tó bá kọjá ni yóò gbé e.

Ẹ wá bébà ẹ̀dà kejì kí ẹ tó gbé ẹ̀dà kìíní jáde. Bí ó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ fẹ́ gbé e sí, ẹ bi ara yín pé ta ló ni ojú ewé náà, àti kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá tì í.

Ẹ lọ bá àwọn àgbà kí ẹ tó ya ojú Òrìṣà kankan. Ohun kan wà tí ó jẹ́ ti gbogbo ayé, ohun kan sì wà tí ó jẹ́ ti inú igbódù. Bàbá arúgbó inú ihò àpáta kò fi orúkọ rẹ̀ ta ní ọjà; ó yan ẹni tó fún. Ẹ má ya ohun tí a kì í yà, ẹ má sì kọ ohun tí a kì í kọ, nítorí pé ẹ fẹ́ kí ìwé tà. Ìtàn tó wà ní gbangba tó láti kọ títí ọmọ ọmọ yín fi máa dàgbà.

Ẹ má sọ àwọn Òrìṣà di ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá nìkan. Àwọn ìwé tí mo sọ̀rọ̀ nípa wọn lónìí, èyí tó dára jù nínú wọn ni èyí tó fi ìwà ṣáájú agbára. Bí ọmọ wa bá ka ìtàn Ògún tán tó sì mọ bí a ṣe ń lo idà nìkan, tí kò mọ ohun tí ìbínú ná Ògún ní ìlú Ìrè, a ti fún un ní Black Adam, a kò fún un ní Ògún.

Ní ìparí, ẹ kọ ọ́ ní èdè wa, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé kà á kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá ní ojú tí ẹ yà kò jọ ojú wa, ẹ gbọ́ tiwọn, bí olóòtú Fawcett ṣe gbọ́ ti àwọn ọmọ New York.

Kí Olódùmarè fún yín ní ọwọ́ tí kì í gbọ̀n àti ojú tí ń ríran jìnnà. Kí orúkọ yín má ṣe sọnù lára iṣẹ́ yín. Kí àwọn ọmọ tí ẹ kọ ọ́ fún kà á, kí wọ́n sì mọ ẹni tó ni ín.

Àṣẹ.